Dọ́là 10 bí wọ́n bá dá a padà, dọ́là 5 bí wọ́n bá tú u sílẹ̀

Lọ́dún 1850, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan lórí àwọn ẹrú tó bá sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́ lọ sí ìhà Àríwá, níbi tí òfin kò ti gba oko ẹrú láyè mọ́. Bí wọ́n bá rí ẹnì kan mú, iwájú òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí òṣìṣẹ́ yìí bá ní kí wọ́n dá a padà sóko ẹrú, dọ́là 10 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, dọ́là 5. Àwọn tó ṣòfin náà ní ìwé tí wọ́n ń kọ fún dídá ènìyàn padà ló pọ̀ jù, òun ló fà á. Ẹni tí wọ́n mú kò gbọdọ̀ jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Ará ìlú tí agbófinró bá sì ní kó wá bá òun mú un, kò gbọdọ̀ kọ̀.

Dọ́là 10 àti dọ́là 5 yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló tú òṣèlú Amẹ́ríkà ká kí ogun abẹ́lé wọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1861, òfin yìí ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ṣáájú ìgbà náà, bíbò ni wọ́n ń bo ọ̀rọ̀ ẹrú mọ́lẹ̀. Lọ́dún 1820, wọ́n fa ìlà sórí máàpù: oko ẹrú kò gbọdọ̀ kọjá ìlà náà lọ sí Àríwá nínú ilẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pín, àfi ìpínlẹ̀ Missouri nìkan. Láti 1836 títí di 1844, òfin wà nílé àwọn aṣojú-ṣòfin pé ìwé ẹ̀bẹ̀ èyíkéyìí tó bá dárúkọ oko ẹrú, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìkà á. John Quincy Adams, ẹni tó ti ṣe ààrẹ rí, ló bá òfin yẹn jà títí wọ́n fi fagi lé e. Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì tó wà nígbà náà, ẹgbẹ́ Whig ní ọmọ ẹgbẹ́ ní Àríwá àti Gúúsù, ẹgbẹ́ Democrat náà ní, torí náà kò sí èyí tó fẹ́ fọwọ́ kan eéwo náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ya. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pín sí méjì lọ́dún 1844 nítorí bíṣọ́ọ̀bù kan tó ní ẹrú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kan àwọn Onítẹ̀bọmi: àwọn ará Gúúsù fẹ́ kí wọ́n lè rán olówó ẹrú lọ ṣe míṣọ́nnárì, àwọn ará Àríwá ní kò lè ṣeé ṣe. Ni àwọn ará Gúúsù bá kóra jọ sí Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà mi ò ní fi èyí pamọ́. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Augusta yẹn ló rán Thomas Jefferson Bowen sí wa. Ọdún 1850 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ọdún kan náà tí òfin dọ́là 10 jáde. Ó kọ́ èdè wa débi pé ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1858. Mo mọ rírì iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1995 ni ẹgbẹ́ tó rán an níṣẹ́ tó tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ oko ẹrú. Ẹ wo bó ti pẹ́ tó!

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òfin náà. Lọ́dún 1854, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Anthony Burns fi ọkọ̀ ojú omi sá kúrò ní Richmond, ní Virginia, ó dé Boston, ó ríṣẹ́ nílé ìtajà aṣọ. Ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Lẹ́tà náà bọ́ sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, bó ti ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́, wọ́n mú un, wọ́n parọ́ fún un pé ẹ̀sùn olè ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 26 oṣù náà, èrò ya bo ilé ẹjọ́, wọ́n ń fi igi ńlá ti ilẹ̀kùn kó lè ṣí. Ẹ̀ṣọ́ kan kú níbẹ̀. Burns kò bọ́. Nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ṣọ́jà tò sí títì lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú ìbọn àgbá. Àwọn oníṣòwò ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, wọ́n sì fi okùn so pósí kọ́ sókè títì, wọ́n kọ “Òmìnira” sí i lára. Nǹkan bí ènìyàn 50,000 ló dúró wò ó. Gbogbo ìyẹn nítorí ẹnì kan ṣoṣo!

Amos Lawrence, olówó tó ń ṣòwò aṣọ òwú, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọmọ ẹgbẹ́ Whig tó fara balẹ̀ ni àwọn nígbà tí àwọn lọ sùn, ṣùgbọ́n alátakò oko ẹrú tí orí rẹ̀ ń gbóná ni àwọn jí. Òwú Gúúsù kan náà ló sọ irú wọn di olówó. Mo gbà á gbọ́, torí ohun téèyàn ń kà nínú ìwé ìròyìn yàtọ̀ sí ohun tó ń gba iwájú ilé ẹni kọjá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ààrẹ Franklin Pierce fọwọ́ sí òfin Kansas àti Nebraska, tó pa ìlà 1820 rẹ́. Ẹgbẹ́ Whig kò dìde mọ́. Ẹgbẹ́ Republican tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn kí oko ẹrú má bàa tàn kálẹ̀ sí i gba ìpínlẹ̀ 11 ní ìbò 1856. Lọ́dún 1860, Democrat fọ́ sí méjì, Abraham Lincoln ti ẹgbẹ́ Republican sì wọlé bí ààrẹ pẹ̀lú ìbò tí kò tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni Gúúsù torí rẹ̀ jà. Mi ò gbà. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Àríwá, sọ pé òfin dọ́là 10 lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wọn, Gúúsù kò sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ Wisconsin. Nígbà tí South Carolina kúrò nínú ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Kejìlá 1860, ẹ̀sùn tó kà sí Àríwá lọ́rùn nínú ìwé tó gbé jáde ni pé wọn kì í dá ẹrú tó sá padà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́.

Àwọn ará Boston fi dọ́là 1,300 ra Burns padà lọ́dún 1855. Onítẹ̀bọmi lòun náà. Ó kọ̀wé sí ìjọ rẹ̀ ní Virginia pé kí wọ́n fún òun ní ìwé ẹ̀rí kí òun lè dara pọ̀ mọ́ ìjọ mìíràn. Èsì tó rí gbà ni pé wọ́n ti lé e, torí pé ó sá fún ọ̀gá rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé ènìyàn ni Ọlọ́run dá òun, kò dá òun ní ẹrú. Ó di pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní St. Catharines, ní Kánádà, ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1862.

Wọ́n ti ní kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ míṣọ́nnárì ní ìjọ wa lóṣù tó ń bọ̀. Mo máa dárúkọ Bowen. Mo máa dárúkọ Burns náà.