Òkè Tí Ò Le Tí Ò Rọ̀

Ta ló sọ fáwọn èèyàn wa ní Manchester pé Sátidé kì í ṣe ọjọ́ òde mọ́? Tẹ́lẹ̀, tí Sátidé bá ti dé, a máa wọ léèsì, a máa lọ sí họ́ọ̀lù, a máa jẹ ìrẹsì, a máa lẹ owó mọ́ ọlọ́jọ́ ìbí níwájú orí, ó tán. Ní báyìí òkè ni wọ́n ń gùn. Ẹni tí ò lè gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀ láì sinmi lẹ́ẹ̀mejì, òun lo máa rí lórí Instagram tó dúró sórí àpáta, tó nawọ́ méjèèjì sókè, tí omi ń dán yanran lẹ́yìn ẹ̀, tó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti rí àlàáfíà. Àlàáfíà wo, jàre? Ṣé èyí tó fi sílẹ̀ nílé ni?

Òkè Catbells ni wọ́n mú fún tiwa, ní Lake District, agbègbè olókè kan ní àríwá England, nítòsí ìlú Keswick. Mítà 451 ni gíga ẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀ yí po ni: wàá gbéra ní Hawse End, wàá gba ẹ̀yìn òkè dé orí, wàá sọ̀ kalẹ̀ sápá kejì, wàá wá gba inú igbó Brandelhow tó wà létí omi Derwentwater padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò ju bíi máìlì 4 lọ. Áàpù orí fóònù alága wa pè é ní "moderate", alága sì túmọ̀ ẹ̀ fún wa: kò le, kò rọ̀. Àfi bí àmàlà.

Ọ̀sẹ̀ 7 la fi pètepèrò lórí WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, lórí kọ́lọ̀ aṣọ ni, torí Àǹtí kan ní búlúù ò ní jáde tí omi bá wà lẹ́yìn wa, la bá dìbò, yẹ́lò wọlé. Ó kan oúnjẹ: kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù 2, ti ẹran lọ́tọ̀. Mo bèèrè ta ló máa gbé kúlà gun òkè, wọ́n ní kí n má ti ẹnu burúkú bọ̀ ọ́. Àwọn kan ra bàtà tówó ẹ̀ tó owó oúnjẹ oṣù kan, wọ́n tún ra ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì méjì, ọmọ ogójì ọdún o, bẹ́ẹ̀ bàbá mi tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tá a bá gbé ẹyọ kan fún un, ìjà ni.

Ẹnikẹ́ni ò bèèrè òjò. Bẹ́ẹ̀ Seathwaite, tó wà nínú àfonífojì Borrowdale lọ́hùn-ún, kò síbi táwọn èèyàn ń gbé ní England tí òjò ti ń rọ̀ tó o, ó ń lé ní mìlímítà 3,000 lọ́dún.

Àwọn ará Ìsẹ́yìn 2 wà nínú wa. Mo ní ṣebí Adó-Àwáyè wà nítòsí yín, òkè ńbẹ, adágún Ìyáké sì wà lórí òkè yẹn gan-an, kì í ṣe nísàlẹ̀, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí? Wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Agogo 7 la fi àdéhùn sí, agogo 11 la gbéra. Nígbà tá a máa fi dé Hawse End, mọ́tò ti tò bí èèrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kúlà dé géètì àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ló jókòó sí, àwọn tó gbé e sì jókòó tì í, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ ọ. Àwa yòókù ń lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé orí, àpáta ni, ọwọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń gùn ún, ẹsẹ̀ àwọn tó ti ń gba ibẹ̀ kọjá sì ti mú kó máa yọ̀. Àǹtí ẹlẹ́yẹ́lò di àpáta mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fèdè fọ̀. Ìyá òyìnbó kan tórí ẹ̀ ti funfun báláú wá kọjá lára wa pẹ̀lú ajá ẹ̀, ó kí wa, kò tiẹ̀ mí gúlegúle. Mo wojú alága. Àmàlà yìí ti le.

A dé orí. Kùrukùru bo gbogbo ẹ̀. Omi tá a torí ẹ̀ wá, a ò rí bíntín ńbẹ̀, àfi funfun gbòò. A ya fọ́tò náà ṣá, wọ́n ní kò sí wàhálà. Nígbà tó máa fi di alẹ́, fọ́tò ti jáde lórí Instagram: gbogbo wa wọ yẹ́lò, omi búlúù lẹ́yìn wa, yìnyín wà lórí àwọn òkè tó yí i ká. Nínú oṣù July.

Mọ́mì mi pè mí láti Ìbàdàn. Àwọn yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n máa ń gun orí òkè àdúrà, pẹ̀lú ààwẹ̀ ọjọ́ 3 nínú. "Òkè yìí mà rẹwà o, ọmọ mi. Ṣé ẹ rántí gbàdúrà ńbẹ̀?"

Mo ní a gbà á dáadáa, Mọ́mì, pàápàá nígbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀.