Kòkó tó ń dúdú: kì í ṣe olú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní irú olú kan ló ń sọ kòkó di dúdú lóko Iléṣà, àti pé èyí tó bá ti jábọ́, tirẹ̀ ti parí. Rárá o. Phytophthora ni, ohun abẹ̀mí tíntìntín kan tó ń ba irè oko jẹ́; ó kàn fojú jọ olú ni. Sẹ́lúlósì, èròjà tó ń mú ara ewéko le, ló fi mọ ògiri ara rẹ̀ bíi ti ewéko, olú kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀hu funfun ara kòkó náà dáadáa. Tómi bá kàn án, àpò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á bẹ́, irúgbìn onírù méjì tójú lásán ò lè rí á tú jáde, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́!

Èyí tẹ́ ẹ sì jù sídìí igi? Irú Phytophthora kan, Phytophthora megakarya, ń gbénú ilẹ̀. Òjò ló ń ta á padà sára kòkó ìsàlẹ̀. Ẹ kó o kúrò lóko.