Ẹ gba páìpù lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì yìí!

Inú ń bí mi, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Gbogbo ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ jẹun ní Iléṣà yìí ló mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣé èèyàn ò ní lè pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́ kí wọ́n má ba tíréèdì ìdí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn eyín inú ihò tí bóòtù ń wọ̀, jẹ́ fún un ni?

Àná ni tèmi ṣẹlẹ̀. Aṣọ ẹbí ìyàwó kan wà lọ́rùn mi, wọ́n fẹ́ wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Iná ò sí, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Wọn ò mú iná wá, ṣùgbọ́n bíìlì wọn kì í pẹ́ dé. Mo tan jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú epo tó ti di ohun ọ̀ṣọ́ láti ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́. Mi ò tíì rán apá kejì bùbá tán tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Mo fà á, kò dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: ọ́ìlì ti ya sílẹ̀, ilẹ̀ ti dúdú kirimú. Mo fọwọ́ kan bóòtù tí wọ́n fi ń tú ọ́ìlì dànù, ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo kàn fà á ni, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mi ò tiẹ̀ lọ́ ọ rárá!

Ẹ wá wo ara bóòtù. Irun álúmíníọ̀mù tín-ín-rín ló há sáàárín àwọn eyín rẹ̀, èyí tó gé jáde látinú ihò. Wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù fóò-mínìtì rẹ́ gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Gọ́ọ̀mù! Ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn mọ̀ pé òun ti bà á jẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́, ó fi ráàgì nù ún, ó gbowó, ó ní, "Àǹtí, ó ti dáa."

Mo pè é. Ó dé, ó wò ó, ó ní, "Àǹtí, bóòtù yẹn ló ti gbó." Gbó kẹ̀? Irin ni bóòtù, álúmíníọ̀mù ni ìdí ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá lọ́ irin ju bó ṣe yẹ lọ nínú álúmíníọ̀mù, álúmíníọ̀mù ló máa bà jẹ́. Wáṣà tó wà lábẹ́ orí bóòtù ló ń dá ọ́ìlì dúró, kì í ṣe agbára apá. Wọn ò ní pààrọ̀ wáṣà tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ; tí ọ́ìlì bá wá ń jò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á ki páìpù gígùn bọ ìrù sípánà, wọ́n á máa fi gbogbo ara lọ́ ọ. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń ti bóòtù bọ ihò: ní wíwọ́, pẹ̀lú sípánà, láìkọ́kọ́ fi ìka lọ́ ọ wọlé kí wọ́n mọ̀ bóyá ó bá ojú ọ̀nà mu.

Ǹjẹ́ ẹ mọ àtúnṣe tó mú wá? Ó ní ká fi hámà gbá bóòtù tó tóbi jù ú lọ wọlé. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé hámà sókè! Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ìdí ẹ́ńjìnnì bá ya ńkọ́, ṣé òun ló máa ra òmíràn? Ọmọ ò tíì mọ orúkọ irinṣẹ́, wọ́n ti ń palẹ̀ fíríídọ̀ọ̀mù mọ́ fún un.

Ọ̀nà tó yẹ ò farasin. Wọ́n á fi dírílì fẹ ihò, wọ́n á fi tápù, irin tó ń gé eyín sínú ihò, gé tíréèdì tuntun, wọ́n á lọ́ hélíkọ́ìlì sí i, ìyẹn wáyà irin tó lọ́ rìpòrìpò, bóòtù tó tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ á sì padà sáyè rẹ̀, á tún lágbára ju álúmíníọ̀mù lásán lọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi pàápàá, tí omi iyọ̀ ń jẹ bóòtù rẹ̀ mọ́ inú ihò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Mo béèrè káàkiri dé ẹ̀yìn Ọjà Àtàkúmọ̀sà, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ìbàdàn! Nítorí wáyà tí kò gùn tó ìka!

Ọpẹ́lọpẹ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ bí ọ́ìlì ṣe kù nínú ẹ́ńjìnnì, òun ló pa á kó tó jóná. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló ti ní kí n jẹ́ kí òun gé wáyà yẹn nígbà kan, pé ó ń da ẹ̀rọ láàmú. Ká ní mo gbà fún un ńkọ́?

Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì o, ìjọba o, ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ gba páìpù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kò bá ní tápù, kó má fọwọ́ kan bóòtù ẹnikẹ́ni mọ́. Ní tèmi, òṣómàáló ni àwọn baba mi. Ọ̀la ni màá lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mi ò sì ní dìde àfi tó bá san owó ọ́ìlì mi, owó hélíkọ́ìlì àti owó ọkọ̀ Ìbàdàn.