Wọ́n Tún Dá Timesheet Mi Padà

Láàárọ̀ yìí, ilé iṣẹ́ wa tún dá timesheet mi padà, ìwé tí a ń kọ iye wákàtí tí a fi ṣiṣẹ́ sí. Wọ́n ní wákàtí tí mo kọ síbẹ̀ pọ̀ jù, pé owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà ti tán, nítorí náà kí n dín in kù sí wákàtí 40 fún ọ̀sẹ̀, kí n sì fi ránṣẹ́ kíákíá. Ẹ̀yin náà ti gba irú ìméèlì bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ wo ni wọ́n sì ń sọ? Ọ̀sẹ̀ tí a kó àkáǹtì àwọn ènìyàn kúrò lórí sọ́fítíwíà àtijọ́ báńkì kan bọ́ sórí tuntun ni! Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni a ti há sí yàrá ìpàdé kan ní Victoria Island, tí àwọn tó ń bójú tó ilé náà sì pa ẹ̀rọ amúlétutù nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni. A kó dátà, ó kọ̀; a tún un kó, àpapọ̀ owó tó jáde kò bá èyí tó wọlé mu. Lóru Àbámẹ́ta ni a rí i pé BVN àwọn oníbàárà kan ṣófo nínú fáìlì tí báńkì fún wa, ọ̀rọ̀ tí a ti sọ láti ìgbà pípẹ́, tí máníjà wa sì ní kí a má fi da báńkì láàmú. Èmi ni mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, tí mo ń tún wọn tò lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi sùn sórí àga. Lọ́sàn-án Àìkú, ọ̀gá àgbà wa gbé páálí ìpanu kan wọlé, ó bá wa ya fọ́tò, ó gbé e sórí LinkedIn pé ikọ̀ òun kì í sùn, ó sì lọ. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá owó náà ti bá ara mu.

Gbogbo wa la rí ohun tí ojú ará ìlú rí ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn báńkì ńlá ń pààrọ̀ sọ́fítíwíà, tí owó kò sì ṣeé fi ránṣẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni kò sùn kí ó má bàa rí bẹ́ẹ̀?

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Timesheet ni ìyẹ́ tiwa. Èyí tó sì burú jù ni pé irọ́ 40 yìí náà ni wọn yóò fi díye lé iṣẹ́ tó ń bọ̀, wọn yóò ní ènìyàn mẹ́rin ló ṣe èyí, kí mẹ́ta ṣe ìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá pè mí láago mẹ́wàá alẹ́ pé kí n sún àmì ilé iṣẹ́ díẹ̀ sí ọ̀tún lórí sláìdì, wákàtí ta ni ìyẹn? Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó iṣẹ́ fún báńkì, náírà ni wọ́n ń kà fún wa, láti oṣù Òkúdù 2023 tí ìjọba sì ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, tí dọ́là kan wá ń di náírà púpọ̀ sí i, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iye tí àwọn gbà ti pọ̀ jù.

Ó dára, n ó gé e. Ṣùgbọ́n bí òru Àbámẹ́ta kò bá sí, iṣẹ́ inú rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ sí: ẹ lọ yọ gbogbo àkáǹtì tí mo tún tò lóru náà, ẹ kó wọn padà sórí sọ́fítíwíà àtijọ́, kí ọ̀gá àgbà sì jáde lọ ṣàlàyé fún àwọn tó ni owó.