Àyà tó fúyẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkàn ti sàn

Èrò kan ti wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lára: pé ẹni tí àyà ń ro nítorí àrùn ọkàn lè fi àgbo àti hóró fítámì wo ara rẹ̀ sàn, pé oògùn dókítà kàn ń ba ara jẹ́ ni, pé ohun tó bá ti inú ewé àti egbò wá kò lè pani lára. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpùrọ́. Púpọ̀ nínú wọn lo nǹkan náà, àyà wọn sì fúyẹ́ lóòótọ́. Láti ibi ẹ̀rí ẹnu yẹn gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Àyà ríro tí mò ń sọ yìí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní angina, máa ń wáyé nígbà tí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ bá ti fún. Ọ̀rá ti ń dì mọ́ ògiri iṣan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá á ṣì tó o lò. Bó bá gun àtẹ̀gùn, tó bínú, tàbí tó rìn nínú òtútù, ọkàn á béèrè ju ohun tó lè rí gbà lọ, àyà á sì há pinpin. Bó bá sinmi, ìrora náà á lọ. Àìsàn tó ń wá tó ń lọ ni. Oṣù kan á le, oṣù tó tẹ̀ lé e á rọ̀. Ẹni tó ń ṣe á ti kọ́ láti máa rọra rìn láìfura. Ara fúnra rẹ̀ a tún máa la àwọn iṣan kéékèèké míì tí ẹ̀jẹ̀ lè gbà kọjá. Ìgbà tí ìrora bá le jù lọ ni èèyàn sì máa ń wá nǹkan mu, nítorí náà ohunkóhun tó bá mu nígbà yẹn ló máa gba ọpẹ́ nígbà tó bá rọ̀.

Iṣẹ́ abẹ kan wà tó jẹ́ ká rí èyí kedere. Ní nǹkan bí ọdún 1955 sí 1960, àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń la awọ àyà díẹ̀, wọ́n á so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tó gba ẹ̀yìn egungun àyà kọjá pa, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ á wá yà sọ́dọ̀ ọkàn. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló sọ pé ara àwọn yá. Ní 1959, Leonard Cobb, dókítà ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára èèyàn 17. Gbogbo wọn ni wọ́n la awọ àyà wọn, àmọ́ àwọn kan nìkan ni wọ́n so iṣan fún. Wọn ò fọwọ́ kan iṣan àwọn yòókù rárá. Aláìsàn kò mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Àwọn tí wọn ò so nǹkan kan fún náà ní ara àwọn yá, hóró nitroglycerin, oògùn tó ń mú àyà ríro rọlẹ̀, tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n sì dín kù. Ní 1960, Grey Dimond àti àwọn tirẹ̀ tún un ṣe lára èèyàn 18, ohun kan náà ni wọ́n rí. Iṣẹ́ abẹ náà kú síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ìtọ́jú àwọn dókítà fúnra wọn ni wọ́n fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n, wọ́n sì jù ú nù nígbà tí kò yege. Òṣùwọ̀n kan náà ni mo ní ká fi wọn àgbo àti fítámì. Bí ọ̀bẹ tí kò ṣe nǹkan kan bá lè mú àyà fúyẹ́, ife àgbo tàbí hóró fítámì náà lè mú un fúyẹ́, láì jẹ́ pé iṣan tó fún là rárá. Ohun tó yẹ ká máa béèrè ni pé: bí a bá pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì, tí a fún àwọn kan ní oògùn náà, tí a sì fún àwọn yòókù ní hóró òfìfo tó jọ ọ́, nínú ìsọ̀rí wo ni ìkọlù ọkàn àti ikú ti pọ̀ jù?

Wọ́n ti béèrè rẹ̀ lórí fítámì E ju èyíkéyìí lọ, ìtàn rẹ̀ sì dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀, torí ìrètí pọ̀ níbẹ̀. Ní 1996, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Cambridge lára èèyàn 2,002 fi hàn pé ìkọlù ọkàn tí kì í pani dín kù lára àwọn tó ń lò ó. Inú àwọn èèyàn dùn, hóró fítámì E sì tà. Nígbà tí wọ́n wá ṣe é lára èèyàn tó lé ní 9,500 nínú ìwádìí HOPE, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2000, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín fítámì E àti hóró òfìfo. Wọ́n tún ń bá a lọ fún ọdún mélòó kan sí i, àbọ̀ tó jáde ní 2005 sì fi hàn pé àárẹ̀ ọkàn, ìyẹn kí ọkàn má lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, ló tún pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo fítámì náà.

Heart Protection Study ti 2002, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló yẹ kó ti parí àríyànjiyàn. Èèyàn 20,536 ló wà níbẹ̀. Wọ́n fún ìdajì wọn ní fítámì E, fítámì C àti beta-carotene, èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, lójoojúmọ́ fún ọdún 5. Fítámì pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lóòótọ́, àmọ́ ìkọlù ọkàn kò dín, rọpárọsẹ̀ kò dín, ikú kò dín. Nínú ìwádìí kan náà, lára àwọn èèyàn kan náà, wọ́n tún dán simvastatin wò, ọ̀kan lára àwọn oògùn statin, tó ń fa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù. Ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù lára àwọn tó lò ó.

Ti beta-carotene tún burú ju asán lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní Finland, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo hóró náà. Fítámì D àti òróró ẹja? Èèyàn 25,871 ni wọ́n fi wọ́n wò nínú ìwádìí VITAL, àpapọ̀ ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú àrùn ọkàn kò dín kù lọ́nà tó ṣeé gbára lé. Òróró ẹja tí wọ́n fọ̀ mọ́ gan-an, tí dókítà ń kọ, gíráàmù 4 lójúmọ́, mú àǹfààní wá nínú ìwádìí kan ní 2018. Òmíràn tí wọ́n parí ní 2020, lára èèyàn tó lé ní 13,000, kò rí àǹfààní náà, ó sì rí i pé ọkàn àwọn kan ń lù ségesège. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ìyẹn, àmọ́ èyí tí àwọn èèyàn ń dá rà fúnra wọn kì í ṣe ti dókítà yìí.

Ní 2022, àwọn olùwádìí ilé ìwòsàn Cleveland Clinic gbé oríṣi mẹ́fà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: òróró ẹja, aáyù, sínámónì, ata ilẹ̀ pupa, èròjà sterol inú ewéko, àti ìrẹsì pupa oníwúkàrà. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, rosuvastatin, statin míì, mìlígíráàmù 5 péré ti fa ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, LDL, wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 38 nínú 100. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn tó ṣe ju hóró òfìfo lọ. Ẹnì kan lè sọ pé ọjọ́ 28 kéré, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní 2007, wọ́n ti fi oṣù 6 gbáko dán aáyù wò ní Stanford, tútù rẹ̀ àti oníhóró, lára èèyàn 192. LDL kò yẹ̀ níbi tó wà.

Ìrẹsì pupa náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èròjà monacolin K tó wà nínú rẹ̀ àti oògùn lovastatin, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó sá fún statin tó wá lọ ń lo èyí, statin náà ló ń lò, kò kàn mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni. Nínú ike kan ó lè pọ̀, nínú òmíràn kó má fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Wọ́n sì ti rí citrinin, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́, nínú àwọn kan.

Mi ò sọ pé ewé kò lágbára. Ní 1785, William Withering, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ohun tó rí nípa ewé foxglove, tó ń mú ara wíwú àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ fà. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó kọ àwọn tí kò yá náà sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé bó bá pọ̀ jù, èèyàn á máa bì, ojú rẹ̀ á máa rí nǹkan ní àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè, ọkàn rẹ̀ á máa falẹ̀, ó sì lè kú. Ní 1930 ni wọ́n yọ oògùn ọkàn digoxin jáde látinú irú ewé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń fúnni. Títí dòní, ìwọ̀n tó ń woni àti èyí tó ń pani kò jìnnà síra. Ohun àdáyébá ni foxglove. Lónìí náà, tí wọ́n bá yẹ egbòogi wò dáadáa, ó lè yege: ní 2023, àbọ̀ ìwádìí kan láti Ṣáínà fi hàn pé Tongxinluo, tí wọ́n fi ewéko àti kòkòrò ṣe, dín wàhálà kù lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìkọlù ọkàn. Nǹkan bí èèyàn 3,800 ló wà níbẹ̀. Orí ìtọ́jú ilé ìwòsàn ni wọ́n fi kún, wọn ò fi í rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó ní oògùn statin ń dun òun ní iṣan ara, mi ò ní já a nírọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ní 2020, wọ́n kó èèyàn 60 tó ti torí ìyẹn jáwọ́ jọ. Oṣù kan wọ́n á lo statin, oṣù míì hóró òfìfo, oṣù míì wọn ò ní lo nǹkan kan, láìtò ó tẹ̀ léra. Ìdá 90 nínú 100 ìnira tí wọ́n ní lórí statin náà ni wọ́n ní lórí hóró òfìfo. Nígbà tí wọ́n rí àbọ̀ tiwọn fúnra wọn, ìdajì wọn padà sí oògùn náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni dída àgbo pọ̀ mọ́ oògùn ọkàn láìsọ fún dókítà. St John's wort, egbòogi kan, máa ń sọ digoxin, simvastatin àti warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, di aláìlágbára. Egbòogi ginkgo pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Gbòǹgbò licorice ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń fa potassium, èròjà tí ọkàn nílò láti lù déédéé, wálẹ̀ nínú ara, bẹ́ẹ̀ ẹni tí potassium rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ni digoxin máa ń tètè di májèlé fún. Àgbo tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, dókítà tàbí apòògùn kò lè fi wé ohunkóhun. Bí ẹ bá ń lo nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ gbé ike tàbí ìgò rẹ̀ lọ bá dókítà yín. Ẹ má sì dá oògùn tí wọ́n kọ fún yín dúró kẹ́ ẹ tó bá a sọ̀rọ̀.

Bí àyà bá wá há lójijì, tí ẹ sinmi tí kò lọ, tàbí tí hóró nitroglycerin abẹ́ ahọ́n kò mú un lọ láàárín ìṣẹ́jú 5, tó ń gba apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín tàbí tí èémí ń há, ẹ má mu nǹkan kan dúró dè é. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.