Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Yunifásítì Wa Kọ́ Ayé Láti Ẹ̀bá Gọ́tà

Ọdún kẹfà rèé tí mo kó ogójì akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ẹ̀bá gọ́tà kan lẹ́yìn Àgbowó, n'Ìbàdàn níbí, láàárọ̀ Sátidé kan. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni la pè é. A wọ tíṣẹ́ẹ̀tì funfun, a wọ ìbọ̀wọ́, a fi ṣọ́bìrì kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike, àkísà àti ẹrọ̀fọ̀ dúdú jáde láti aago méje títí di aago mọ́kànlá. A ya fótò, a gbé e sórí Facebook. Àwọn èèyàn kí wa kú iṣẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ra oúnjẹ fún gbogbo wọn.

Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tó ń din àkàrà létí gọ́tà yẹn pè mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wá wo iṣẹ́ yín." Gbogbo òkìtì tí a kó sétí títì ni àgbàrá ti wọ́ padà. Ó ti dí ẹnu afárá kékeré tó wà níwájú ìyá náà, omi ti gba abẹ́ àtẹ rẹ̀ kọjá, ẹ̀wà tó rẹ sílẹ̀ ti dànù. Ìyá náà ò bú mi. Ó kàn rọra sọ ọ́ ni: "Ẹ ò béèrè ibi tí à ń kó ìdọ̀tí wa sí lọ́wọ́ wa. Ká ní ẹ bi wá ni, à bá ti sọ fún yín pé ọkọ̀ tó ń kó o kì í wọ inú àdúgbò yìí. Etí títì tí ẹ kó o sí, ọ̀nà omi ni."

Mo tọrọ àforíjì, mo san owó ẹ̀wà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní.

Ní báyìí, kò sí ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí èèyàn máa lọ tí wọn ò ní sọ pé àwọn fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ di ọmọ-ìlú àgbáyé, ẹni tó mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè òkun kan òun, àti pé ohun tí òun ṣe kan ẹni tí òun ò rí rí. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó wà nínú àfojúsùn 17 tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 2015, tí wọ́n ní kí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n tó bá fi máa di 2030. Ìkẹrin nínú wọn, tó dá lórí ètò ẹ̀kọ́, dárúkọ rẹ̀ gbangba. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ àwọn ọmọ ni mi ò fara mọ́. A kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn kan, ẹni tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, a ní kí wọ́n há àfojúsùn mẹ́tàdínlógún sórí, wọ́n dà á sínú ìwé ìdánwò, ó parí. Tó bá di Sátidé, àwọn ọmọ kan náà wọ tíṣẹ́ẹ̀tì jáde, wọ́n lọ kó gọ́tà. Kò sẹ́ni tó so ohun tí wọ́n há sórí pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi ṣọ́bìrì gbé.

Èrò tèmi ni pé kí a so ó pọ̀. Kí kọ́ọ̀sì jáde lọ sáàárín ìlú, kí ìlú náà sì padà wọ inú kọ́ọ̀sì, kí ó ní yúnítì, kí ó ní máàkì.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì n'Ìbàdàn. Láti ọdún 1963 ni àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń lọ sí Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n ń gbé láàárín àwọn ará ìlú, wọ́n ń wo ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, wọ́n ń mọ ohun tó ń ṣe wọ́n kí wọ́n tó wá sí ọsibítù. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàràpá mọ sòbìà, aràn tó ń gba ẹsẹ̀ èèyàn yọ díẹ̀díẹ̀, tí àgbẹ̀ kò fi ní lè dé oko lásìkò ìkórè. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 600,000. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ló ṣẹ́gun rẹ̀, àti ẹni tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ lábúlé kọ̀ọ̀kan láti máa lọ láti ilé dé ilé. Jimmy Carter tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Nàìjíríà nítorí rẹ̀, Ọ̀gágun Gowon náà rin ìgbèríko kiri. Ọdún 2008 la rí ẹni ìkẹyìn tó ní in, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Nàìjíríà ti bọ́. Ẹ wo bí ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ àti ìyá tó ń sẹ́ omi lódò ṣe jọ ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé ọmọ-ìlú àgbáyé fún ọmọ Ìbàdàn, sòbìà ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ní ọdún tó tẹ̀ lé ti gọ́tà yẹn, a ò gbé ṣọ́bìrì. Ìwé àti bírò la mú lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó ti àwọn ará àdúgbò. Àwọn tó ń kọ́ nípa ìṣirò ka ohun tó wà nínú gọ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mẹ́wàá. Àwọn tó ń kọ́ èdè Yorùbá gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú wọn wá bá mi, ó di ìwé rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ní, "Ma, màmá kan sọ fún mi pé àwọn fi ẹ̀yìn pọn ọmọ gun orí àjà lọ́jọ́ Omíyalé. Kí ni Omíyalé?"

Ọmọ Ìbàdàn ni o. Wọ́n bí i síbí, ó ti tó ọmọ ogún ọdún, kò gbọ́ ọ rí. Ni mo bá jókòó, mo sọ ti ọjọ́ 31, oṣù Ẹjọ, ọdún 1980 fún wọn, ọjọ́ Àìkú tí odò Ògùnpa kún bo ilé, tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Mo sọ ti ọjọ́ 26, oṣù Ẹjọ, ọdún 2011 náà, nígbà tí òjò wó afárá, tó gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Èyí tó ṣojú wọn nìyẹn, àwọn míì nínú wọn rántí pé àwọn ò lè lọ síbi kankan. Mo wá sọ ohun tó tẹ̀ lé e: lọ́dún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé n'Ìbàdàn, fún afárá àti ọ̀nà omi. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè: "Ṣé ọ̀fẹ́ ni, ma?" Mo ní rárá, ẹ̀yáwó ni. "Ta ló máa san án?" Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Owó tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ọdún san ni irú owó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

Mi ò rí kí kíláàsì mi dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Látọjọ́ náà, mi ò tún bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá kà nípa bí ayé ṣe so mọ́ra. Fúnra wọn ni wọ́n ń wá ìwé àdéhùn kiri.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ọmọ wa ò ì tíì rí oúnjẹ jẹ, kí ló kàn án pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àgbáyé. Koko ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ìlú èbúté kan ni, ní ìpínlẹ̀ Bendel ayé ọjọ́un, tó ti di Delta báyìí. Àwọn oníṣòwò kan láti Ítálì kó májèlé ilé-iṣẹ́ tó lé ní 3,000 tọ́ọ̀nù wá síbẹ̀, wọ́n tò ó jọ sínú ọgbà ilé ẹnìkan nínú àgbá, wọ́n ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún un lóṣù. Bí ìjọba ṣe wà ńlẹ̀, kò mọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló rí i kà nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀ lọ́dún 1988, wọ́n kọ lẹ́tà sílé, àwọn oníròyìn wa sì gbé e jáde. Ítálì padà wá kó ẹrù rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà dá àjọ tó ń bójú tó àyíká sílẹ̀, nígbà tó sì di 1989, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Basel ní Switzerland, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lórí gbígbé irú májèlé bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ta ìlú lólobó. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru; ẹ̀gbẹ́ kejì òkun náà ti di ará ilé ẹni báyìí.

Ẹnìkan bi mí léèrè pé bí a bá ń fún wọn ní máàkì, ṣé ó tún jẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni? Ìbéèrè tó dáa ni, mo sì rò ó pẹ́. Mi ò fún wọn ní máàkì lórí òógùn. Ẹni tó bá fẹ́ kó gọ́tà, ọfẹ́ ni, èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ipá mú un. Orí ohun tó kọ nípa rẹ̀ ni mo ń fún un ní máàkì: ta lo bá sọ̀rọ̀, kí lo rò tẹ́lẹ̀ tó padà já sí irọ́, ibo ni ọ̀rọ̀ àdúgbò yìí ti kan ilẹ̀ òkèèrè. Mo sì ní òfin kan tí mi ò lè yí: ẹ ò gbọdọ̀ ya fótò ẹnikẹ́ni nínú ìṣòro rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbààyè. Mo ti rí fótò ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń sunkún lórí Facebook àwọn tó ní àwọn ń ṣe àánú. Ó máa ń dùn mí wọnú egungun.

Ohun tó kù kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà kan, mo kọ ìwé pé kí iṣẹ́ yìí ní yúnítì tirẹ̀. Ìwé náà sùn sínú àpótí ẹnìkan fún ọdún méjì, wọ́n wá ní kò sí àyè nínú ètò ẹ̀kọ́. Àyè ti wà báyìí. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, gbé kalẹ̀, 70% ló ti ọ̀dọ̀ wọn wá, wọ́n fi 30% sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá ìlú rẹ̀ mu kún un. Mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní sẹ́nẹ́ẹ̀tì yunifásítì, ẹ má ṣe fi gbogbo 30% yẹn ra orúkọ kọ́ọ̀sì tó dùn-ún gbọ́ létí. Ẹ má sì sọ pé agùnbánirọ̀ ni wọn yóò ti kọ́ ọ. Ìgbà yẹn, ọmọ ti gba ìwé-ẹ̀rí tán, iṣẹ́ ló ń wá.

Ní ìparí sáà tó kọjá, a pe ìyá alákàrà náà wá sí kíláàsì láti gbọ́ àbọ̀ iṣẹ́. Ó wọ ìró àti bùbá, ó jókòó níwájú. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ka ìdọ̀tí ṣàlàyé tán, ìyá náà bi í pé, "Nínú ọ̀rá tí o kà, mélòó ni tèmi?" Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀. "Mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ma. Ti píọ̀ wọ́tà lé ní ẹgbẹ̀rún méjì." Ìyá náà mi orí, ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí mẹ́tàlélọ́gọ́rin náà. Ó wá yíjú sí wọn lápapọ̀. "Àwọn tó ń ṣe ọ̀rá yẹn gan-an ńkọ́? Ṣé ẹ ti lọ bi wọ́n léèrè?"

Kò sẹ́ni tó ti lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo kọ sókè ìwé kọ́ọ̀sì fún sáà tó ń bọ̀.