Ìparí tí mo gé dànù ni wọ́n ń kà kiri

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀. Ẹni tó bá tún bi mí nípa ìwé ìtàn àròsọ mi kejì pé "Aunty, ṣé PDF rẹ̀ wà?", mi ò ní dá a lóhùn mọ́. Ẹ má bínú. Tàbí kẹ́ ẹ kúkú bínú, torí inú ń bí èmi náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́yìn mi láti ọjọ́ yìí mọ ohun tí ojú mi rí lórí ìwé kejì yẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Ẹ rántí ariwo tí mo pa síbí nígbà tí olótùú mi dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta. Ìwé náà jáde, mo pariwo rẹ̀, mo sanwó ìpolówó, mo bẹ àwọn tó lérò lẹ́yìn pé kí wọ́n bá mi dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà 63 ni mo tà ní oṣù márùn-ún. Mo gba kámú. Mo ní bóyá àwòrán ẹ̀yìn ìwé ni ò wu èèyàn, bóyá àwọn èèyàn kàn ò ráyè ìwé kíkà mọ́.

Àfi bí arábìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ṣe fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Ó kí mi, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní kí ọpọlọ mi má jó rẹ̀yìn, pé òun bẹ̀rẹ̀ ìwé mi lálẹ́, ilẹ̀ sì mọ́ bá òun nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìtàn àròsọ, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe lára. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n yìn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá dé ibi tó ti ní:

"Ibi tí màmá yẹn ti ṣílẹ̀kùn, tó rí ọmọ rẹ̀ tó ti sọnù láti ọdún mọ́kànlá, tí ò sọ nǹkan kan, tó kàn padà sídìí aṣọ tó ń ká lọ́wọ́... Aunty mi, mo ju fóònù sílẹ̀ ni. Mo sunkún."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

Kò síbi tí màmá kankan ti padà sídìí aṣọ nínú ìwé mi. Ẹ̀yin 63, ẹ lọ wo èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Màmá náà ṣílẹ̀kùn, ó kígbe, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n jókòó, ọmọ ṣàlàyé ibi tó lọ, ìyá bi í ní ìbéèrè, ọmọ dáhùn, ìyá sì dárí jì í. Ojú ìwé mẹ́sàn-án. Aṣọ kíká yẹn, ó lé ní ọdún kan tí mo ti gé e dànù kí ìwé tó jáde. Inú fáìlì kan ṣoṣo ló kù sí, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́fà nígbà yẹn pé kí wọ́n bá mi fojú sí i, kí wọ́n sọ ibi tó ń súni.

Mo bi í níbo ló ti rí i. Kò fi pa mọ́ fún mi rárá, kò tiẹ̀ fura pé ó yẹ kí èèyàn fi pa mọ́. Ó ní wọ́n pín in sínú gúrúùpù àwọn ni, àwọn táwọn wà níbẹ̀ lé ní 400, gbogbo ẹni tó ń kàwé níbẹ̀ ló ti kà á. Ó ní àwọn kan ti tún pín in sí gúrúùpù mìíràn.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Kì í ṣe ìwé mi ni wọ́n jí. Èyí tí mi ò tíì fọ̀, tí mi ò tíì wọ̀ láṣọ, ni wọ́n gbé síta. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wà ní balùwẹ̀ tí ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀, tó wá ń fi hàn kiri pé ẹ wo bó ṣe rẹwà tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Nígbà tí mo bá ń kọ ìtàn lọ́wọ́, tí ibì kan ò tẹ́ mi lọ́rùn, mi kì í dúró tún un ṣe. Màá kan kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà kí n lè rí i lọ́jọ́ mìíràn, màá sì máa lọ. Ní orí kejìlá fáìlì yẹn, láàárín ìròyìn ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ náà ò sí mọ́, mo kọ ọ́ pé: ẸKÚN YÌÍ TI PỌ̀ JÙ. GÉ E. Mi ò rántí yọ ọ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Arábìnrin yìí ní lẹ́yìn ìparí, ibẹ̀ ló wu òun jù nínú gbogbo ìwé. Ó ní ó dà bíi pé ohùn kan ló ń pàṣẹ nínú ọkàn màmá náà, tí ò fẹ́ kó sunkún mọ́. "Aunty, báwo lẹ ṣe ronú kan irú ọgbọ́n yẹn?"

Ọgbọ́n kẹ̀!

Ẹ má wulẹ̀ mẹ́nu kan ti orúkọ. Àlàó ni bàbá ọmọ náà ń jẹ́ ní orí kẹta, ó ti di Àlàbí kó tó di orí kẹfà, torí mo yí i padà láàárín méjì. Wọ́n ti jiyàn lé e lórí nínú gúrúùpù wọn. Apá kan ní bàbá méjì ni, pé àṣírí tó wà nídìí ìtàn náà nìyẹn, ìdí rèé tí ọmọ fi sá lọ. Mo gbọ́ ọ, mo sì ń rò ó pé kì í kúkú ṣe èrò burúkú.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ìpolówó ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ka ọ̀fẹ́ lónìí á rà lọ́la. Ìwé ti wọ́n jù. Ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹni tó sì máa ń sọ ọ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó sanwó olótùú rí. Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí? KDP, ibi tí Amazon dá sílẹ̀ lọ́dún 2007 fún ẹni tó bá fẹ́ gbé ìwé jáde fúnra rẹ̀, lè fún òǹkọ̀wé ní ìdá 70 nínú 100 lórí ìwé orí ẹ̀rọ, bí iye rẹ̀ bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99. Bó bá kọjá ibẹ̀ tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ó di ìdá 35. Ó dùn létí, àbí? Ìdá 70 nínú òfo, òfo náà ni. Olótùú ti gbowó tiẹ̀, ayàwòrán ti gbowó tiẹ̀, ẹni tó to ọ̀rọ̀ sójú ìwé ti gbowó tiẹ̀ kí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó tà. Èmi nìkan ló ń retí.

Ẹnì kan tó yẹ kó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kí n gbé wọn lọ ilé ẹjọ́. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, gbìyànjú ẹ̀. Lóṣù December 1843 ló gbé ìwé ìtàn rẹ̀, A Christmas Carol, jáde, owó ara rẹ̀ ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, àwọn kan ti tún un kọ bíi tiwọn, wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre. Làwọn yẹn bá ní àwọn ti wọko gbèsè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jàre ṣe fi nǹkan bí 700 pọ́n-ùn san owó ẹjọ́. Lọ́dún 1842, kó tó gbé ìwé yẹn jáde, ló lọ sí Amẹ́ríkà, tó dìde níbi àsè tí wọ́n ṣe fún un pé kí wọ́n ṣòfin tí yóò dáàbò bo ìwé àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ bú u pé ojú owó ló ń wò. Ọdún 1891 ni wọ́n tó ṣe òfin náà. Ó ti kú láti 1870. Ẹ wá ní kí èmi lọ mú gúrúùpù WhatsApp.

Ṣùgbọ́n mo ti ń sọ̀rọ̀ owó látàárọ̀, owó gan-an kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Aṣọ kíká yẹn ni.

Òru ọjọ́ kan ni mo kọ ọ́, kò gbà ju wákàtí kan lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ jù lẹ́nu ẹ̀dá ìtàn kan, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń fún níṣẹ́. Mi ò mọ ohun tí ìyá lè sọ fún ọmọ tó fi í sílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Mo ronú ronú, gbogbo ohun tó ń bọ̀ ló ń dún bí eré orí tẹlifíṣọ̀n. Mo bá fún un láṣọ. Ó ká ẹ̀wù kan, ó ká ìkejì. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹta, ó rí i pé tọmọ náà ni, èyí tó ti kéré fún un tipẹ́. Ó ká òun náà, ó tò ó mọ́ àwọn yòókù. Ó parí. Mo kà á sókè fún ara mi lóru yẹn, ara mi sì sọ fún mi pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Olótùú mi kà á, ó ní rárá. Ó ní òǹkàwé tó ti rìn tó ojú ìwé 300 kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ṣé ó dárí jì í ni àbí kò dárí jì í? Kí n sọ ọ́! Obìnrin náà mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ibi tó bá mi tún ṣe nínú ìwé yẹn kò lóǹkà. Mo gbà. Mo jókòó, mo kọ ojú ìwé mẹ́sàn-án. Bí mo ṣe ń tún un kọ ni ọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí i, torí bí màmá yẹn bá ti lanu báyìí, ó di dandan kó ṣàlàyé, bó bá sì ti ṣàlàyé, ọmọ náà gbọ́dọ̀ fèsì.

Dickens yìí kan náà ni mo tún rántí. Ìparí tó kọ́kọ́ kọ sí ìwé rẹ̀ mìíràn, Great Expectations, Pip àti Estella, ọmọbìnrin tí Pip nífẹ̀ẹ́ sí, kàn pàdé lójú pópó lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Lọ́dún 1861, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bulwer-Lytton, tóun náà ń kọ̀wé, ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Dickens yí i padà, ó jẹ́ kí Pip fa ọwọ́ ọmọbìnrin náà kí wọ́n jọ jáde. Èyí tí gbogbo ayé rà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn, Forster, ló tẹ ìparí àtijọ́ náà sínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé Dickens lọ́dún 1874, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn títí dòní lórí èyí tó dáa jù. Dickens lórí ire. Ẹni tó gbé ìparí tirẹ̀ síta dúró dìgbà tó kú. Èmi ṣì wà láàyè, mò ń gba ohùn oníṣẹ́jú mẹ́fà.

Ta ló gbé e síta nínú àwọn mẹ́fà? Mi ò mọ̀. Mo ti ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lóru, mo sì rí i pé mi ò fẹ́ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Olùkọ́ mi àtijọ́ wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà rò pé inú mi máa dùn.

Ohun tí mo wá ṣe lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, bóyá ìwà òmùgọ̀ ni. Mo fi orí tó gbẹ̀yìn, èyí tó wà nínú ìwé gan-an, ránṣẹ́ sí arábìnrin náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó ka èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ó tó wákàtí mẹ́ta kó tó dáhùn, láìfi ohùn ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ó dáa, mà. Ó yéni."

Lẹ́yìn ìyẹn: "Ṣùgbọ́n Aunty mi, ẹ má bínú o, ta ló ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀?"

Mo ti ka ìlà yẹn tó ìgbà ogún. Ìwé mi ò sí nílé ìkẹ́rùsí kankan. Ìgbà tí ẹnì kan bá sanwó ni wọ́n ń tẹ ẹ̀dà tiẹ̀, nítorí náà bí mo bá pààrọ̀ fáìlì lálẹ́ òní, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó bá rà á, aṣọ ni yóò bá lọ́wọ́ màmá yẹn. Kò le. Àmọ́ àwọn 63 tó fowó wọn rà á ńkọ́? Ṣé àwọn tó sanwó ló wá di ẹni tí mo ta èyí tí ò dáa tó fún, tí àwọn tó jí i sì ti ń jẹ ojúlówó látọjọ́ yìí? Tàbí ọ̀fẹ́ ló kàn dùn lẹ́nu wọn? Tàbí olótùú mi ló jàre, tí arábìnrin kan ṣoṣo kàn fẹ́ràn ẹkún?

Fáìlì méjèèjì ló ṣí sílẹ̀ níwájú mi báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ìwé náà, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tẹ́ ẹ dé ibi tí màmá yẹn ti ń ṣàlàyé, ṣé ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, àbí ẹ kàn ń ṣí i lọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka PDF, ẹ dákẹ́, mi ò bá yín sọ̀rọ̀.

Ó dáa. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ.